Ọkọ̀ Ojú Omi tí Bàbá Mi Bó ní Agége

Ẹni tó bá ní òun ò rí ọkọ̀ ojú omi ní Agége rí, kò jẹ̀bi. Agége kò ní ọ̀sà, kò ní odò kan tó ṣe é fi yangàn. Omi tó pọ̀ jù tí a ní ni èyí tó máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè lẹ́yìn òjò, ewúrẹ́ sì ń fi ẹsẹ̀ là á kọjá láìwo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n èmi rí i. Mo rí ọkọ̀ ojú omi tó gùn ju yàrá wa méjèèjì lọ, tó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù nínú ọgbà wa, mo fi ọwọ́ ara mi ha ìdí rẹ̀, mo sì rí bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò lè lúwẹ̀ẹ́ nínú odò tó mu ún dé orúnkún, tó ń rìn yí i ká bí ọ̀gá atukọ̀. Ọdún náà ni Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé àwọn ológun, wọ ilé wa. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Sáàpù, ẹ má bínú sí mi, mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀. Àwọn tó gbé e wá gan-an kò rí i ṣàlàyé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ológun kan á wá sórí rédíò, á ní kí gbogbo wa fún ìgbànú mọ́ra, àwa á wo ìbàdí, a ò ní rí ìgbànú. Wọ́n á tún ní ẹ̀wà sóyà dára lára ju ẹran lọ. Ìyá mi á dúró nídìí àdògán, á na ìpọnbẹ̀ sí rédíò náà: "Ẹ gbọ́ ohùn yẹn dáadáa. Ohùn ẹni tó jẹ ẹran yó ni. Ohùn sóyà kì í dún báyẹn."

Yàrá mẹ́wàá ló wà nílé wa, márùn-ún dojú kọ márùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan sì là á láàárín. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ mọ́, ohùn àkọ́kọ́ ni ti ìpè ìrun, ìkejì ni ti rélùwéè, ìkẹta ni fèrè àwọn iléeṣẹ́ láti ọ̀nà Ìkẹjà. Fèrè yẹn ló ń jí bàbá mi fún ọdún mẹ́rìnlá. Iléeṣẹ́ ọ̀dà ló ti ń ṣiṣẹ́, ibi tí wọ́n ti ń po ọ̀dà. Èékánná rẹ̀ la fi ń mọ ohun tí Èkó ń rà: bó bá dé tí èékánná rẹ̀ funfun, a mọ̀ pé àwọn olówó ń kọ́lé; bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ìyá mi á ní, "Àwọn ṣọ́jà tún ń kun bárékè." Ọdún Sáàpù yìí ni wọ́n pe òun àti ogójì ènìyàn jọ lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Fèrè kò mọ̀ pé wọ́n ti dá a dúró. Bó ti ń fọn láràárọ̀ ni bàbá mi ń dìde, á wẹ̀, á wọ kákí rẹ̀, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á na ẹsẹ̀. Àwa ọmọ á kọjá lára rẹ̀ lọ sílé ìwé bí ẹni ń kọjá níwájú ilé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìtìjú ló ń wọ̀ níjọ́ yẹn, pé kákí lásán kọ́.

Kí ebi má baà lù wá pa, ó bẹ̀rẹ̀ sí kun ilé kiri. Níbi tó ti ń kun géètì fún Kọ́nẹ́ẹ̀lì kan ní GRA Ìkẹjà ló ti rí ọkọ̀ náà lẹ́yìn ilé. Kọ́nẹ́ẹ̀lì yìí kò sí níbi ogun kankan rí tí a gbọ́, ṣùgbọ́n ó ní ọkọ̀ ojú omi, bó ṣe dọ́wọ́ rẹ̀ kò sì yé ẹnikẹ́ni. Ìdí ọkọ̀ náà ló ń bà á nínú jẹ́. Ọ̀dà ìdí ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀dà ẹwà. Wọ́n ń po májèlé mọ́ ọn kí ìkarahun àti ewé inú omi má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ti ń kun tuntun lé ògbólógbòó fún ọdún púpọ̀, á nípọn, á máa ṣí bí èépá ojú egbò, kò sì sí ọ̀dà tuntun tó máa mú lórí rẹ̀ àyàfi kí wọ́n bó gbogbo rẹ̀ kúrò. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ń kùn nípa rẹ̀. Bàbá mi, tí búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi í léèrè, sọ pé, "Sà, kò sí ọ̀dà tí ènìyàn kùn tí mi ò lè bó." Kọ́nẹ́ẹ̀lì wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Pẹ́ńtà, bó o bá bó èyí, tó o sì kùn ún kó tó di ọjọ́ tí àwọn àlejò mi ń bọ̀, ìwọ ni màá fi ṣe olórí gbogbo akunlé tó wà ní bárékè. Iṣẹ́ ìjọba. Owó oṣù. Ilé." Bàbá mi dé ilé lọ́jọ́ náà, kò jókòó. Ó dúró láàárín yàrá, ó ń sọ "ilé" léraléra bí ẹni tó ń tọ́ oyin wò.

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ṣọ́jà fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé ọkọ̀ ojú omi náà dé. Géètì wa kò gbà á. Kọ́púrù tó ṣáájú wọn bi Àlàájì onílé bóyá ògiri ọgbà yẹn ṣe é wó. Àlàájì yìí, ẹni tó máa ń fìyà jẹ ọmọ tó bá fi èédú kọ ìlà sára ògiri yẹn, ló wá ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ wó o, ẹ̀gbọ́n, ẹ wó o! Ó ti ń dí atẹ́gùn mọ́ wa tipẹ́." Kọ́púrù náà ò tó ọmọ bíbí inú rẹ̀ lọ́jọ́ orí. Wọ́n wó o. Bí ariwo ọkọ̀ wọn ṣe ń lọ tán ni Àlàájì yíjú sí bàbá mi, ẹ̀rín ti gbẹ: "Ìwọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, ṣé ogun lo kó wọlé mi ni?"

Ilé gbogbo rí ohun tí wọ́n á fi ṣeré. Ìyá Bọ̀sẹ̀ tó ń ta kẹrosíìnì nínú yàrá tó kọjú sí tiwa ló sọ ọ́ ní Ọkọ̀ Ànábì Nuhu. Láàárọ̀, á yọ orí sí bàbá mi, á fi orúkọ mi pè é: "Bàbá Mulika, ọjọ́ wo ni ìkún omi náà? Kí n lè mọ̀ bóyá kí n se ẹ̀wà." Ẹlòmíràn á ní, "Nuhu kó ẹran méjì-méjì, ẹran mélòó lo ní, Bàbá Mulika?" Bàbá mi náà á ní, "Adìẹ mẹ́ta àti Ìyá Bọ̀sẹ̀." Kí n má purọ́, inú mi dùn. Ilé ìwé ni mo ti ń yangàn pé bàbá mi ra ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n bi mí ibi tá a ti máa wà á, mo ní Ọ̀pẹ̀bì. Ọmọ Agége ni gbogbo wa. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ bóyá omi wà ní Ọ̀pẹ̀bì.

Nínú gbogbo wa, ìyá mi nìkan ló mọ ọkọ̀. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, etí ọ̀sà ni wọ́n bí i sí, ọkọ̀ igi ni bàbá rẹ̀ fi ń pẹja. Ó yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìka kan ìdí rẹ̀, ó gbóòórùn ìka náà. Ó ní, "Bàbá Mulika, nílé wa, ọwọ́ la fi ń ha á. Díẹ̀díẹ̀. Ọmọ méjì, ìyá kan, ọjọ́ mẹ́wàá." Bàbá mi rẹ́rìn-ín ẹni tó kàwé níwájú ẹni tí kò kàwé, bẹ́ẹ̀ wọ́n jọ dúró ní ìwé mẹ́fà ni. Ó ní, "Ìyá Mulika, ayé ti kúrò níbẹ̀. Kẹ́míkà ni. Ní fátìrì, níbi iṣẹ́ wa, bí a bá fẹ́ bó ọ̀dà lára dúrọ́ọ̀mù irin, a ó fi kẹ́míkà rẹ́ ẹ kó nípọn, a ó fi ọ̀rá bò ó kó má gbẹ, bó bá di ọjọ́ kejì, ọ̀dà á máa dìde fúnra rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè." Ìyá mi ní, "Irin nìyẹn. Èyí kì í ṣe irin, kì í ṣe igi. Ẹ dán an wò níbi kékeré kan ná." Bàbá mi ní, "Ọdún mẹ́rìnlá!" Bó ṣe máa ń parí àríyànjiyàn nílé wa lọ́dún náà nìyẹn. Bí ìyá mi bá ní ẹ̀bà le, ọdún mẹ́rìnlá. Bí òrùlé bá jò, ọdún mẹ́rìnlá.

Ọ̀nà Ìlúpéjú ni bàbá mi ti lọ ra kẹ́míkà náà, nínú kẹ́ẹ̀gì dúdú. Òórùn rẹ̀ dùn, òun ló sì burú níbẹ̀. Ó dùn bí ṣúgà tó ń jóná, orí á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa yí ọ kó o tó mọ̀ pé ó yẹ kó o sá. Ìyá mi gbé àdògán lọ sẹ́yìnkùlé kejì, ó kó àwọn adìẹ wọ abẹ́ apẹ̀rẹ̀, ó sì ní tí mo bá fẹ́ ṣiṣẹ́, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá ni kí n dúró sí, kì í ṣe ibi tó ń fẹ́ lọ. Bàbá mi fi búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ rẹ́ ẹ, ó fi ọ̀rá bò ó bí ẹni di mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀kán kan ta sí i lẹ́yìn ẹsẹ̀. Ó fò sókè, ó sì sọ fún wa pé èèrà ló ta òun. Lọ́jọ́ kejì, a ṣí ọ̀rá náà. Ẹ jẹ́ kí n fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: mi ò rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀dà pupa ti wú, ó ti ká jọ, irin pẹlẹbẹ tá a fi ń ha ògiri kàn ń gbá a lọ bí ẹni ń gbá ẹ̀kọ kúrò lójú ewé. Lábẹ́ pupa, aró. Lábẹ́ aró, pupa mìíràn tó ti ṣókùnkùn. A ń gbọ̀n ọ́n sínú àpò, àwọn ará ilé dúró, wọ́n ń wò. Ìyá Bọ̀sẹ̀ gan-an wà láàárín wọn. Bàbá mi wọ kákí rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́: "Ọ̀dà kì í purọ́. Ẹ bó o, á sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún yín."

Lábẹ́ pupa kejì ló ti kan funfun. Funfun dídán, tó mọ́, tó le. Ẹni tó mọ ọkọ̀ fáíbà, èyí tí wọ́n fi òwú gíláàsì àti gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ṣe, ì bá ti ju irin sílẹ̀, ì bá ní alihamudulilah, nítorí pé awọ ara ọkọ̀ nìyẹn, ibẹ̀ ni ọ̀dà parí sí. Bàbá mi pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ẹ wo ìwà òyìnbó! Wọ́n tún kun funfun sábẹ́!" Ọmọ iléeṣẹ́ ọ̀dà ni, ojú rẹ̀ kò mọ nǹkan tó ní àwọ̀ tí kì í ṣe ọ̀dà. Ó rẹ́ kẹ́míkà lẹ́ẹ̀kejì, ó jẹ́ kó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ nítorí pé funfun yìí lágídí, ó fi ọ̀rá bò ó, kò sì ṣí i fún ọjọ́ méjì. Nígbà tá a ṣí i, funfun náà ti lé bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí. A ha á. Ó gbà. Lábẹ́ rẹ̀ la ti rí nǹkan bí òwú, bí irun arúgbó, ó ń fà jáde lẹ́nu irin. Bàbá mi fà á díẹ̀, ó wò ó nínú oòrùn. "Ohun tí wọ́n fi ń dí ihò nìyí," ó ní, ó tún ń ha. Ìyá mi ló dé láti ẹ̀yìnkùlé, tòun ti ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ: "Bàbá Mulika, ọkọ̀ lẹ ń ha yẹn o. Ọ̀dà ti tán láti ọjọ́ méjì." Bàbá mi fi àtàńpàkò tẹ ìdí ọkọ̀ náà. Àtàńpàkò wọlé bí ìgbà tí ènìyàn tẹ mọ́ínmọ́ín tí kò jinná. Kò yọ ọ́. Ó fi síbẹ̀ títí, bí ẹni pé bí òun bá yọ ọ́ ni omi máa tú jáde.

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí Kọ́nẹ́ẹ̀lì dé. Bàbá mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lu ara mọ́tò ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ra pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ojú ibi tí mọ́tò ti fara gbá, ó fi dí gbogbo ìdí ọkọ̀ náà, ó fi pépà oníyanrìn ha á kó lè jọ̀lọ̀, ó wá kùn ún ní pupa tó ń dán. Ó rẹwà. Ẹ̀wà rẹ̀ gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Nígbà tó ku ọ̀la kí Kọ́nẹ́ẹ̀lì dé ni ìyá mi wá bá bàbá mi nídìí oúnjẹ. Ó ní, "Àwọn ènìyàn máa wọ inú rẹ̀."

Bàbá mi ní, "Ọ̀gá ńlá ni. Kò ní wà á. Ó kàn máa fi ya fọ́tò ni."

"Bó bá wà á ńkọ́?"

"Ìyá Mulika, iṣẹ́ ni mò ń wá. Ṣé o fẹ́ kí n máa bá ọ jẹ sóyà títí ayé?"

"Sóyà kò pa ẹnikẹ́ni rí," ìyá mi ní. "Bí mo bá sọ bó ṣe burú tó lẹ́nu, kò tíì pa ẹnikẹ́ni rí. Omi ń pa." Bàbá mi ti àwo sílẹ̀. Kò sọ ọdún mẹ́rìnlá. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà tóbi.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó gba ibi ògiri tí wọ́n wó wọlé bí ẹni pé ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà láti ìpilẹ̀. Àlàájì tẹ́ ẹní. Kọ́nẹ́ẹ̀lì fi ọ̀pá ìléwọ́ rẹ̀ gbá ìdí ọkọ̀ náà, ó ní, "Gúùdù! Gúùdù, Pẹ́ńtà!" Ó sì na ọwọ́, Kọ́púrù fi àpò ìwé kan sí i, ó sì fi fún bàbá mi. Lẹ́tà iṣẹ́ ni. Bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Bí wọ́n ṣe ń wá okùn tí wọ́n á fi so ọkọ̀ ni ìyá mi jáde tòun ti garawa omi lórí. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Nílé bàbá tèmi ní Ẹ̀pẹ́, bí wọ́n bá tún ọkọ̀ ṣe, kó tó lọ kí omi, omi á kọ́kọ́ wá kí i nílé. Obìnrin ilé ló ń dà á sínú rẹ̀." Bàbá mi ní, "Má dà á!" Ohùn rẹ̀ ga jù. Kọ́nẹ́ẹ̀lì yọ awò ojú, inú rẹ̀ dùn: "Jẹ́ kó dà á, Pẹ́ńtà. Àṣà wa ni. A ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àṣà kú." Ẹni tó ń gbé ní ilé òyìnbó tó sì ń fi fọ́ọ̀kì jẹ iyán ló ń sọ̀rọ̀ àṣà yìí. Ìyá mi gun orí búlọ́ọ̀kù, ó da garawa kan, ó da èkejì, èmi ló ń pọn ọ́n fún un lẹ́nu ẹ̀rọ. Garawa márùn-ún. Kọ́nẹ́ẹ̀lì pàtẹ́wọ́. Kò sí nǹkan kan tó jò.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀kán kan yọ. Ó so rọ̀ lábẹ́ ọ̀dà pupa náà bí orí abẹ́rẹ́, ó jábọ́ sínú iyanrìn. Bàbá mi nìkan ló rí i, àti èmi tó ń wo ojú rẹ̀. Ó rọra sún, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ojú ibi tó rin. Èkejì yọ lápá òsì, ó na ẹsẹ̀ kejì. Bó ti dúró nìyẹn, ẹsẹ̀ méjèèjì ya bí ẹni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́, lẹ́tà iṣẹ́ lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Kọ́nẹ́ẹ̀lì gbá a léjìká, ó ní, "Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọmọ mi méjèèjì ló máa kọ́kọ́ gùn ún. Mo ti ṣèlérí fún wọn. Èyí àbígbẹ̀yìn kò tíì ju báyìí lọ." Ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n nínú afẹ́fẹ́, ibi tó wọ̀n ọ́n dé sì ni orí mi. Bàbá mi wò mí. Ìyá mi ṣì wà lórí búlọ́ọ̀kù, kò tilẹ̀ wò ó.

Bàbá mi gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò lójú ibi tó rin. Ó fi ọwọ́ méjèèjì na lẹ́tà náà padà. Ó ní, "Sà, ọkọ̀ yìí ń jò. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo ha á kọjá ibi tí ọ̀dà parí sí."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gba ọmọ ẹni lọ́wọ́ ikú lásìkò àwọn ológun. Kọ́nẹ́ẹ̀lì pariwo pé ó ba dúkìá ìjọba jẹ́. Ọkọ̀ tó jẹ́ ti òun nìkan láàárọ̀ ti di ti ìjọba kí oòrùn tó yí. Ó ní kí bàbá mi di etí méjèèjì mú, kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí ọkọ̀ náà ká, Kọ́púrù sì ń ka iye rẹ̀. Àlàájì wojú òkè. Ìyá Bọ̀sẹ̀ wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní òun ò lè wo irú rẹ̀. Mo sì ti máa ń dárí ohun púpọ̀ jì í láti ọjọ́ yẹn. Bàbá mi fò nínú kákí rẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ kò fi gbé e mọ́. Kọ́nẹ́ẹ̀lì fa lẹ́tà ya. Ó ní, "Ọkọ̀ rèé, Pẹ́ńtà. Bí ebi bá pa ọ́, jẹ ẹ́." Wọ́n gba ibi tí wọ́n gbà wọlé jáde. Wọn kò sì wá gbé ọkọ̀ náà mọ́.

Ìyá mi lọ gbé bàbá mi dìde. Ó gbọn iyanrìn lórúnkún rẹ̀ bí ẹni ń gbọn ti ọmọdé, ó fún un lómi mu. Ó mu ún tán, ó jókòó, ó ń wo abẹ́ ọkọ̀ náà, níbi tí omi ti wá ń kán lójú méjì, lójú mẹ́ta. Ó wá ní, "Mulika, wá ṣọ́ọ̀kì wá fún mi." Mo mú ti ilé ìwé mi wá. Ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ náà, nínú ẹrẹ̀, tòun ti kákí. Ibi tí omi bá ti kán sí i lójú, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí ojú ibẹ̀ ká, kó lè mọ gbogbo ibi tó jò. Ìlà kan, ìlà mẹ́wàá, a ò mọ iye mọ́, ọ̀dà pupa náà ti funfun tán. La bá gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ibẹ̀, ẹ̀rín gidi, irú èyí tí a kò gbọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní kó máa lọ sílé.

"Tún omi bù sí i, Ìyá Mulika," ó ní. "Ó kù díẹ̀ kó kún."

Ìyá mi bù sí i. Kò kún.